Bí Ilé Ìyá Àwẹ̀ró Ṣe Rìn

Ẹ wọlé, ẹ wọlé kí òjò tó pa yín tán. Ẹni tó bá mú àgbàdo sísun dání, kó jókòó sí ìtòsí mi. Ẹni tó bá mú ẹnu lásán wá, kó jókòó sẹ́nu ọ̀nà kó máa gba afẹ́fẹ́. Láwuyì, dìde kúrò ní igun yẹn. Mo ní kí o dìde! Ibi tí o gbé ìdí ńlá yẹn lé, ẹnì kan ló ni ín. Bí ìtàn yìí bá tán, wàá mọ ẹni náà, wàá sì tọrọ àforíjì.

Èmi Ògúnmọ́dẹdé tí ẹ ń wò yìí, mo ti pa ẹfọ̀n, mo ti pa ìkookò, mo sì ti lé ẹkùn kan títí tó fi bẹ̀ mí pé ó ti rẹ òun. Ṣùgbọ́n ìtàn òní kì í ṣe tèmi. Ti ọ̀gá mi ni, Ọdẹ́níran, ẹni tó kọ́ mi bí a ṣe ń tọ ipasẹ̀ ẹtu. Bí ẹ bá rí irọ́ díẹ̀ nínú rẹ̀, òun ló kọ́kọ́ fi kún un kó tó fà á lé mi lọ́wọ́, èmi kàn bù díẹ̀ sí i kó lè dọ́gba ni.

Nígbà náà, orí òkè tí a wà yìí kọ́ ni ìlú wa Etídò wà. Etí odò Abẹ̀rìn gan-an ló wà, odò náà sì ti ń ya wèrè. Lọ́dọọdún ló ń jẹ ilẹ̀ bí ẹni ń jẹ iṣu. Ó jẹ oko ẹ̀gẹ́, ó jẹ ojúde Baálẹ̀, ó wá kù díẹ̀ kó kan ẹ̀yìn ilé Àwẹ̀ró, ìyá Ọdẹ́níran. Gbogbo ìlú bẹ̀rẹ̀ sí kó lọ sórí òkè, Àwẹ̀ró ní òun ò lọ. Wọ́n bẹ̀ ẹ́, ó ní òun ò lọ. Baálẹ̀ wá fúnra rẹ̀, ó fún Baálẹ̀ ní omi mu, ó ní òun ò lọ.

“Nínú yàrá yìí ni mo bí ọ sí,” ló wí fún ọmọ rẹ̀. “Nínú yàrá yìí náà ni bàbá rẹ sùn sí lábẹ́ ilẹ̀. Ibi tí ilé mi bá wà ni mo wà. Ọjọ́ tí ilé yìí bá dìde tó fi ẹsẹ̀ rìn, ọjọ́ náà ni kí ẹ wá pè mí.”

Àwọn ará ìlú rẹ́rìn-ín. Ọdẹ́níran kò rẹ́rìn-ín, nítorí ó mọ̀ pé ìyá òun kì í sọ̀rọ̀ kó tún padà wá gbé e mì. Bí òjò ọdún tó ń bọ̀ bá wọlé dé, odò á gbé ilé náà lọ, tòun ti ìyá nínú rẹ̀. Bí a bá sì rán ni níṣẹ́ ẹrú, a fi tọmọ jẹ́ ẹ. Ó gbé ìbọn rẹ̀ kọ́ èjìká. “Ìyá mi fẹ́ ilé tó ń rìn,” ló wí. “Ọdẹ ni mí. Ohun tó ń rìn, iṣẹ́ mi ni láti wá a rí.”

Ó lọ títí ó fi wọ Igbó Àìfọhùn, níbi tí ẹyẹ kì í ti í ké. Ní àárín igbó náà, iwin kan jókòó sójú ọ̀nà. Ẹsẹ̀ kan ṣoṣo ló ní, ó sì wọ bàtà mẹ́ta lé ara wọn sí i.

“Ọmọ ènìyàn, níbo lò ń lọ?”

“Mò ń wá ilé tó ń rìn.”

Iwin náà rẹ́rìn-ín títí bàtà kan fi bọ́. “Bí o bá mọ ìtumọ̀ àlọ́ mi, màá fọ̀nà hàn ọ́. Bí o kò bá mọ̀ ọ́n, wàá di bàtà kẹrin. Kí ló ń lọ láti ìgbà ìwáṣẹ̀, síbẹ̀ tí kò kúrò níbi tó wà?”

Ọdẹ́níran kò tilẹ̀ mí. “Odò ni!” ló pariwo. “Odò burúkú! Ojú kan náà ló wà láti ìgbà tí wọ́n bí mi, ó ń lọ, ó ń lọ, ó sì ń kó ilẹ̀ ìyá mi dání lọ. Ṣé àlọ́ mìíràn tún wà?”

“Ó tó, ó tó, má lù mí,” ni iwin náà wí, ó sì sún sẹ́yìn. “Lẹ́yìn òkun, erékùṣù kan wà tí àwọn igi rẹ̀ hu irùngbọ̀n. Bábádọ́ọ̀sì ni wọ́n ń pè é. Níbẹ̀ ni ilé ti ń rìn.” Ó fò lẹ́sẹ̀ kan ṣáájú rẹ̀ dé etí òkun, ó súfèé. Àwọn ẹja kéékèèké bẹ̀rẹ̀ sí fò jáde láti inú òkun bí eéṣú, wọ́n na ìyẹ́ wọn, wọ́n gbé Ọdẹ́níran lé ẹ̀yìn, wọ́n sì ń gbé e lọ lórí ìgbì.

Láwuyì, kí lò ń rẹ́rìn-ín sí? Ìwọ tí o kò lè kọjá odò Abẹ̀rìn kí o má di aṣọ ẹlòmíràn mú, ìwọ lo fẹ́ sọ fún mi bí ẹja ṣe ń fò? Jẹ́ kí n máa bá ọ̀rọ̀ mi lọ.

Nígbà tí àwọn ẹja sọ̀ ọ́ sórí iyanrìn, Ọdẹ́níran rí àwọn àgbàlagbà gíga tí wọ́n tò sétí òkun, irùngbọ̀n wọn gùn títí ó fi kan ilẹ̀. Ọmọ tí a kọ́ tó sì gbọ́ ni ọ̀gá mi. Ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja. “Ẹ káàárọ̀ o, ẹ̀yin bàbá mi.” Kò sẹ́ni tó dá a lóhùn. Ẹ sì mọ̀ pé ọmọ tó ní ẹ̀kọ́ kì í dìde bí àgbà kò bá tíì ní kó dìde. Ó wà nílẹ̀ níbẹ̀. Alákàn gba orí ẹ̀yìn rẹ̀ kọjá, ó tún gba ibẹ̀ padà. Oòrùn gòkè. Ó ń sọ nínú ara rẹ̀ pé àwọn àgbà ìlú yìí mà le o.

Ẹ̀rín obìnrin kan ló gbé e dìde. Ìyá arúgbó ni, ó wé gèlè funfun, ó gbé agbọ̀n lọ́wọ́, ó sì ń rẹ́rìn-ín tó fi di ìhà mú. Ó sọ̀rọ̀, Ọdẹ́níran kò gbọ́ ọ. Ẹni tí kò gbọ́ tẹnu ẹga, á ní ẹga ń pàtótó ni. Obìnrin náà fà á lọ́wọ́ lọ sílé, ó bu oúnjẹ síwájú rẹ̀. Ọkà àgbàdo ni, wọ́n rò ó pọ̀ mọ́ ilá, wọ́n sì fi ọbẹ̀ ẹja tó ń fò lé e. Kúkú ni wọ́n ń pè é. Ọdẹ́níran kí ẹja inú àwo náà, ó dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀ fún ìrìn-àjò, lẹ́yìn náà ló jẹ ẹ́. Bí ilá yẹn ṣe gbà á lọ́fun báyìí, etí rẹ̀ là, ó ń gbọ́ èdè wọn ketekete.

“Igi ni wọ́n, ọmọ mi,” ni obìnrin náà ń sọ. “Irùngbọ̀n yẹn, gbòǹgbò tó ń ti orí ẹ̀ka já bọ́ ni. Wọ́n ní ọ̀dọ̀ wọn ni erékùṣù wa ti gba orúkọ, èyí tó túmọ̀ sí onírùngbọ̀n. Ṣùgbọ́n ẹni tó bí ọ kọ́ ọ dáadáa.” Kẹ́túrà ni orúkọ rẹ̀. Káfíńtà ni ọkọ rẹ̀ kó tó kú, òun ló sì kọ́ ilé náà, ilé pákó kékeré kan tí wọ́n kùn ní àwọ̀ ewé, tí wọ́n gbé ka orí òkúta. “O bá mi nínú ìdààmú. Baba Ìnira, ẹni tó ni ilẹ̀ ìrèké, ní kí n kúrò lórí ilẹ̀ òun kí oòrùn tó wọ̀. Nítorí náà, ilé mi ń lọ lónìí.”

Ọdẹ́níran fò dìde. “Ìyá, ṣé ó máa rìn?”

“Ó ti rìn rí kó tó di òní,” ni Ìyá Kẹ́túrà wí, ó sì jáde lọ pe àwọn ènìyàn rẹ̀.

Ní báyìí, ẹ jẹ́ kí n bi yín. Bí ẹ bá gbọ́ pé ilé kan ń rìn, níbo lẹ ó kọ́kọ́ wò? Abẹ́ ìpìlẹ̀ ni! Ní ilẹ̀ tiwa, ilé tó bá lágbára, wọ́n ti rì nǹkan mọ́ ọn nísàlẹ̀. Ọdẹ́níran rà wọ abẹ́ ilé náà, ó bẹ̀rẹ̀ sí gbẹ́. Ó yọ òkúta kan, kò rí òògùn. Ó yọ òmíràn, kò rí nǹkan kan. Ó yọ ẹ̀kẹta, ilé náà sọ pé “wáà!”, ó sì fẹ̀gbẹ́ lélẹ̀ bí ọ̀mùtí. Àga yọ̀ dé ògiri, ìkòkò yí. Ọ̀gá mi fi ẹ̀yìn ti igun ilé náà, ó sì ń fi òógùn ojú gbé e dúró títí tí onílé fi dé.

“Kí lò ń wá lábẹ́ ilé mi?”

“Ẹ forí jì mí, Ìyá. Òògùn tó fi ń rìn ni mò ń wá.”

Ìyá Kẹ́túrà wò ó, kò mọ̀ bóyá kí òun bínú tàbí kí òun rẹ́rìn-ín. “Òkúta lásán ni. Ẹni tó bá wà lórí ilẹ̀ onílẹ̀ kì í gbẹ́ ìpìlẹ̀ jìn, kó má baà fi ilé rẹ̀ sílẹ̀ níbẹ̀. Ẹsẹ̀ ilé mi kò sí lábẹ́ ilé. Òun ló ń bọ̀ lójú ọ̀nà yẹn.”

Ọdẹ́níran yọ orí. Ó rí ọkọ̀ ojú omi kan tó ń bọ̀ lórí ilẹ̀ gbígbẹ, ṣùgbọ́n kò sí pákó lára ọkọ̀ náà, kò sí ìgbòkun. Ènìyàn ni gbogbo rẹ̀. Àwọn ọkùnrin wọ aṣọ atukọ̀, àwọn obìnrin wọ funfun bíi nọ́ọ̀sì, wọ́n tò ní ìlà méjì, wọ́n sì ń jó bí ọkọ̀ ṣe ń fì lórí ìgbì. Lẹ́yìn wọn, ẹnì kan ń fọn fèrè, àwọn méjì ń lu ìlù, ẹnì kan ń fi irin lu irin. Wọ́n ní ẹ́ńjìnnì ọkọ̀ nìyẹn. Ẹnì kan sì gun igi gíga méjì tó so mọ́ ẹsẹ̀ níwájú, ó ń fi wọ́n rìn lọ. Ọdẹ́níran kígbe pé, “Agéré! Agéré ilé wa rè é!” Omi bọ́ lójú rẹ̀, nítorí kò retí pé òun á rí ará ilé níbẹ̀.

Ọ̀gákọ̀ wọn, Natanaẹli, ọkùnrin kúkúrú tí ohùn rẹ̀ ga ju òun fúnra rẹ̀ lọ, kí i. Ọdẹ́níran bi í pé, “Bàbá, níbo ni ọkọ̀ yín wà?”

“Àwa ni ọkọ̀,” ló wí. “Ọkọ̀ tó kó àwọn baba wa dé ibí, ìsàlẹ̀ ni wọ́n kó wọn sí pẹ̀lú ẹ̀wọ̀n. Ọkọ̀ tiwa yìí kò ní ìsàlẹ̀. Òkè ni gbogbo wa wà. Bí ẹnì kan bá ṣàìsàn, ọkọ̀ yìí ní ń tọ́jú rẹ̀. Bó bá kú, ọkọ̀ yìí ní ń sin ín. Ó yá, wá di ọ̀pá kan mú níbẹ̀ yẹn. Ìwọ lo kúkú tú òkúta ká.”

Wọ́n ti ọ̀pá bọ abẹ́ ilé náà. Ọ̀gákọ̀ kígbe pé, “Ìjì ń bọ̀!” Gbogbo wọn tẹ orúnkún lẹ́ẹ̀kan náà. Ó kígbe pé, “Omi ti rọ̀!” Gbogbo wọn dìde lẹ́ẹ̀kan náà, ilé náà sì gbéra. Inú ilé ni Ìyá Kẹ́túrà wà, ó ń ro ọkà rẹ̀ lọ lórí iná. Kò sí èyí tó dà sílẹ̀.

Ní erékùṣù náà, ojú ọ̀nà ni àwọn ọdún ń gbé, bí o bá ń rìn, inú ìgbà lò ń rìn. Ní ìyànà kìn-ín-ní, ìrèké bo gbogbo ayé, agogo ń dún, ọlọ tí afẹ́fẹ́ ń yí ń fún omi ìrèké, àwọn ènìyàn tí wọ́n jí gbé láti ọ̀dọ̀ wa àti ọ̀dọ̀ àwọn aládùúgbò wa ń gé ìrèké lọ láìgbé orí sókè. Ọ̀gákọ̀ ṣí fìlà. Fèrè dákẹ́. Wọ́n rọra gbé ilé náà kọjá, inú Ọdẹ́níran sì bàjẹ́ gidigidi. Ní ìyànà kejì, wọ́n bá ìdùnnú. Ẹ̀wọ̀n ti já, àwọn ènìyàn ń jó, wọ́n ní òmìnira. Ṣùgbọ́n wọ́n wo ilẹ̀, wọ́n rí i pé kò sí èyí tó jẹ́ tiwọn nínú rẹ̀. Wọ́n bá mú pákó, wọ́n ń kan ilé tó ṣeé gbé.

Ibẹ̀ gan-an ni Baba Ìnira ti dínà. Koríko ìrèké gbígbẹ ni gbogbo ara rẹ̀, ó wọ kóòtù dúdú, ó dé fìlà gíga. Ọdẹ́níran sọ ọ̀pá kalẹ̀, ó yìn ín níbọn gbà! Ọta gba inú koríko kọjá, Baba Ìnira sì fun imú. Bó bá jẹ́ èmi Ògúnmọ́dẹdé ni, mi ò ní fi ọta ṣòfò báyìí, ṣùgbọ́n ọ̀gá mi máa ń yá lọ́wọ́ jù.

“Ilẹ̀ tí ẹ tẹ̀, tèmi ni,” ni Baba Ìnira wí. “Òkúta tí ẹ óò gbé e kà, tèmi ni. Ìrèké, tèmi. Ọ̀nà, tèmi. Ẹ dárúkọ ohun kan tí ẹ ní tí kì í ṣe tèmi, màá sì jẹ́ kí ẹ kọjá. Bí ẹ kò bá rí i dá, ilé náà di igi ìdáná mi.”

 Ilé náà ń wúwo sí i. Ọdẹ́níran ti padà sábẹ́ ọ̀pá, èjìká rẹ̀ ń ta á. Ó wo ọ̀tún, ó rí èjìká. Ó wo òsì, ó rí èjìká. Ó bá sọ ọ́ jáde bó ṣe wá sí i lọ́kàn: “Ẹni tó wà lọ́tùn-ún mi, àti ẹni tó wà lósì mi!”

Baba Ìnira fẹ́ ní tòun ni wọ́n náà, ṣùgbọ́n ẹ̀wọ̀n ti já. Ara rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí tú, koríko ń já bọ́ láti apá aṣọ. Ìyá Kẹ́túrà ṣí fèrèsé, ó mú ẹyin iná kan láti abẹ́ ìkòkò, ó jù ú lù ú. Ó jó pẹ́ẹ́! Òórùn ṣúgà gba gbogbo afẹ́fẹ́, àwọn ènìyàn jó yí iná náà ká. Títí dòní, bí ìkórè ìrèké bá parí, àwọn ará ibẹ̀ máa ń fi koríko ṣe ère rẹ̀, wọ́n á sì dáná sun ún. Àgbájọ ọwọ́ la fi ń sọ̀yà.

Nígbà tí wọ́n dé ìyànà kẹta, àwọn ọmọ ń bọ̀ láti iléèwé, àwọn àgbà ń yan ìjọba tiwọn, àsíá kan sì ń fẹ́ lókè tí orí ọ̀kọ̀ ẹlẹ́nu mẹ́ta wà lára rẹ̀. Wọ́n ti ṣẹ́ igi ọ̀kọ̀ náà sọnù. “Àwọn tó ń jọba lé wa lórí tẹ́lẹ̀ ló di igi yẹn mú,” ni ọ̀gákọ̀ sọ. Níbẹ̀ ni wọ́n sọ ilé náà kalẹ̀, wọ́n tò ó sórí òkúta, ọkà sì jinná.

Gbogbo wọn ń jẹun, Ọdẹ́níran kò lè jẹ. Ó ti rí ilé tó ń rìn. Ṣùgbọ́n bàbá rẹ̀ tó wà lábẹ́ ilẹ̀ yàrá ńkọ́? Ó bi Ìyá Kẹ́túrà.

Ìyá Kẹ́túrà gbé ṣíbí sílẹ̀. Fún ìgbà àkọ́kọ́, ẹ̀rín kúrò lójú rẹ̀. “Àwọn ìyá ìyá wa fi gbogbo òkú wọn sílẹ̀ lọ́dọ̀ yín. Wọn ò jẹ́ kí wọ́n bu iyẹ̀pẹ̀ tó kún àtẹ́lẹwọ́ dání. A kò mọ sàréè kan. Ṣùgbọ́n ta ló kọ́ mi bí a ṣe ń ro ilá mọ́ àgbàdo? Ta ló kọ́ ọmọ yẹn ní gígun igi tó fi mú ọ sunkún? Wọ́n tẹ̀ lé wa ni. Nígbàkígbà tí mo bá fẹ́ gbéra, mo máa ń pè wọ́n pé, ‘Ẹ dìde, a ń lọ o.’” Ó di ọwọ́ rẹ̀ mú. “Ẹ̀yin ní àǹfààní tí àwa kò ní. Ẹ̀yin lè bu iyẹ̀pẹ̀. Sọ fún ìyá rẹ kó bù ú.”

Àjò kì í dùn kí onílé má relé. Ìyá Kẹ́túrà di àgbàdo lílọ̀ tí wọ́n sè sínú ewé ọ̀gẹ̀dẹ̀ fún un, ó ní kó gbé e fún ìyá rẹ̀. Ẹja gbé e padà, iwin náà yà fún un lọ́nà láìbéèrè nǹkan.

Òjò ti bẹ̀rẹ̀ nígbà tó dé. Odò ti jẹ ilé ìdáná Àwẹ̀ró, ó ti ń lá ẹsẹ̀ ògiri yàrá. Màmá náà jókòó nínú ilé, ó tú ewé ọ̀gẹ̀dẹ̀ náà, ó tọ́ ọ wò. “Ta ló ní ìlú àjèjì lo lọ? Àbàrí ilé wa nìyí.” Ó jẹ ẹ́ tán. “Ilé tó ń rìn ńkọ́?”

Ọdẹ́níran sọ fún un nípa ilé pákó. Màmá rẹ̀ fi ọwọ́ gbá ògiri. “Amọ̀ lèyí. Amọ̀ kì í rìn.”

Ojú ti ọ̀gá mi. Ó wo ògiri, ó wo ilẹ̀, lẹ́yìn náà ló wo òkè. “Ìyá mi, bí a bá ṣí òrùlé kúrò lórí ògiri, èwo ni ilé nínú méjèèjì?”

Àwẹ̀ró ronú. “Ibi tí òjò kò bá ti pa mí ni ilé.”

Bí a ṣe sáré wá láti orí òkè nìyẹn. Mo ní “a,” ẹ gbọ́. Igun ọ̀tún ni mo wà, èmi ni mo sì gbé èyí tó wúwo jù. A já òrùlé náà kúrò lórí ògiri, ṣùgbọ́n àwọn ará agboolé òkè gbé e sókè, àwọn ará ìsàlẹ̀ gbé e sílẹ̀, àwọn kan ń tì, àwọn kan ń fà, èébú sì ń fò ju òjò lọ. Òrùlé fẹ̀gbẹ́. Díẹ̀ ló kù kó wọ odò.

“Ìjì ń bọ̀!” ni Ọdẹ́níran kígbe, ó sì fi orúnkún rẹ̀ hàn wá. A tẹ̀ ẹ́. “Omi ti rọ̀!” A dìde. Bàbá kan bẹ̀rẹ̀ sí fi àdá lu ọkọ́ fún ẹ́ńjìnnì. A tún tẹ̀ ẹ́, a tún dìde, òrùlé náà sì dúró sójú kan lórí èjìká wa. Ó dà bí ẹni pé ó ti ń rìn láti ọjọ́ tó ti dáyé.

Àwẹ̀ró dúró lábẹ́ rẹ̀. Ó bojú wo ẹsẹ̀ wa lọ́tùn-ún lósì, ẹsẹ̀ ẹlẹ́rẹ̀ rẹpẹtẹ. Ṣùgbọ́n kò kúrò. “Bàbá rẹ ńkọ́?” Ọdẹ́níran sọ ọ̀rọ̀ Ìyá Kẹ́túrà fún un. Ìyá náà kúnlẹ̀, ó tú gèlè rẹ̀, ó bu iyẹ̀pẹ̀ ojú oórì náà sínú rẹ̀. A gbọ́ ohùn rẹ̀ nínú òjò. “Bàbá Ọdẹ́níran, dìde. Ilé ti ń lọ. O kò fẹ́ràn kí n ṣáájú rẹ dé ibì kan, ó yá, jẹ́ kí a jọ lọ.” Mo sunkún, mo sì sọ fún gbogbo ènìyàn pé òjò ni.

A gbé e gun òkè, òun sì ń rìn lábẹ́ òrùlé rẹ̀, kò sí ẹ̀kán òjò kan tó bà á. A kò tíì rìn jìnnà tí a fi gbọ́ tí ògiri ìsàlẹ̀ wó sínú odò gbì! Kò bojú wẹ̀yìn.

Koríko tó wà lókè yín yìí, a ti pààrọ̀ rẹ̀ lọ́pọ̀ ìgbà, ṣùgbọ́n ẹ gbójú sókè kí ẹ wo àwọn igi òrùlé. Àwọn náà ni. Láwuyì, igun tí mo lé ọ kúrò, ibẹ̀ ni Àwẹ̀ró da iyẹ̀pẹ̀ gèlè rẹ̀ sí. Nígbà tí a gbé e dé ibí, èjìká wa ti bó, a sọ òrùlé náà kalẹ̀ sórí àwọn òpó tí a ti rì sílẹ̀, a mí kanlẹ̀. Àwẹ̀ró dúró láàárín yàrá, ó wo iwájú, ó wo ẹ̀yìn, ó mi orí.

“Bàbá Ọdẹ́níran ní oòrùn àárọ̀ kò kan òun lójú níbí,” ló wí. “Ẹ yí i sọ́tùn-ún díẹ̀.”

Ọ̀gá mi wò wá. Àwa náà wò ó. Ó sì pariwo pé, “Ìjì ń bọ̀!” gbogbo wa rẹ́rìn-ín, a sì tún tẹ orúnkún.